Àlejò Oṣù Kẹwàá

Ọkùnrin kan wà tó máa ń wá jẹun lọ́dọ̀ wa lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, Armel Goanvic lorúkọ rẹ̀. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi bu oúnjẹ fún èèyàn ní ilé oúnjẹ kékeré tí èmi àti Fernand ọkọ mi ní lórí òkè Croix-Rousse ní ìlú Lyon. Mo ti rí alájẹkì, mo ti rí ẹni tó ń ṣa oúnjẹ jẹ bí ẹyẹ, mo ti rí àwọn tó ń gbóòórùn wáìnì títí wáìnì náà á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bínú. N kò rí ẹni tó ń jẹun bíi ti Armel rí. Bí mo bá gbé àwo síwájú rẹ̀, á kọ́kọ́ gbé ọwọ́ méjèèjì kúrò lórí tábìlì, á wò ó, á ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, Màdáámù." Ẹ̀yìn ìyẹn ló máa tó mú ṣíbí.

Ará Brittany ni, létí òkun lọ́hùn-ún, ibi téèyàn ń fi odindi ọjọ́ kan wọ ọkọ̀ ojú irin kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Iṣẹ́ ojú irin náà lòun gan-an ń ṣe: òun ló máa ń ti géètì ojú ọ̀nà kí ọkọ̀ tó kọjá, tó sì máa ń ṣí i lẹ́yìn tó bá kọjá tán. Ẹ̀gbẹ́ irin náà ni wọ́n kọ́lé fún un sí, kò sí ilé mìíràn nítòsí. Ó ní aládùúgbò òun kò ju màlúù àti atẹ́gùn lọ.

Oṣù kẹwàá ọdún 1979 ló kọ́kọ́ dé. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ṣe sójà ló kú, ó wá sin ín. Lọ́jọ́ tó yẹ kó padà, àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin da iṣẹ́ sílẹ̀, kò sì rí ọkọ̀ wọ̀. Òjò ń rọ̀ lọ́jọ́ náà débi pé gbogbo àdúgbò ló sá wọ ilé wa. Ẹnu ọ̀nà ló dúró sí, omi ń kán lára fìlà rẹ̀. Àga kan ṣoṣo ló ṣẹ́ kù, iwájú Huguette ni àga náà sì wà.

Huguette Chavassieux ni ọ̀rẹ́ tí mo ní jù láyé. Aṣọ sílíìkì tó ti ya tàbí tó ti gbó ló máa ń tún ṣe, fọ́nrán kan lẹ́yìn òmíràn, títí ojú kò fi ní rí ibi tó ti ya mọ́. Ẹnu rẹ̀ mú ju abẹ́rẹ́ ọwọ́ rẹ̀ lọ. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta ni nígbà náà, kò lọ́kọ, tábìlì ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ló sì ti ń jẹun ọ̀sán láti ìgbà tí n kò tíì wọ ilé Fernand.

Mo ní kí Armel jókòó. Huguette gbójú sókè, ó ní:

"Kí n tètè sọ fún yín o, ọ̀gá. Èmi ò kí ń pín búrẹ́dì mi."

Armel bọ́ fìlà. "Kò burú. Èmi náà ò kí ń gba búrẹ́dì lọ́wọ́ ẹni tó ń wò mí bí ẹni wo ológbò tó já sódò."

"Ẹ jọ ọ́ náà ni."

Gbogbo tábìlì tó wà nítòsí bú sẹ́rìn-ín. Mo bi í léèrè ohun tó fẹ́ jẹ. Ó ní kọfí, àti ọ̀dùnkún sísè tí a bá ní.

"Ọ̀dùnkún!" Huguette pàtẹ́wọ́. "Ọkùnrin gba orí omi àti ilẹ̀ wá sí Lyon, ó ní ọ̀dùnkún lòun á jẹ. Marcelline, má dá a lóhùn. Gbé kẹnẹ́lì wá fún un."

Kẹnẹ́lì yìí, ẹja odò la máa ń gún kúnná mọ́ ẹyin àti ìyẹ̀fun, tí a ó sè é títí tó fi máa wú fùkẹ̀, tí a ó wá da ọbẹ̀ edé tó ki lé e lórí. Mo gbé e wá pẹ̀lú ife wáìnì pupa kan. Armel bu ṣíbí kan. Ó gbé ṣíbí sílẹ̀. Nígbà tí mo máa wò ó, omi ti lé ròrò sójú rẹ̀.

Huguette ò ṣẹ̀fẹ̀ mọ́. "Ṣé ó gbóná jù ni?"

"Rárá o. Ó dùn ni."

Nígbà náà ló sọ̀rọ̀ ìyàwó rẹ̀ fún wa. Soazig lorúkọ obìnrin náà. Ọdún kẹfà rèé tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti dá a dùbúlẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ kan ara rẹ̀ ti kú, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ò já geere mọ́, ọ̀fun rẹ̀ kò sì gba nǹkan líle. Armel ló ń wẹ̀ ẹ́, òun ló ń yí i lórí ibùsùn, òun ló ń se ọ̀dùnkún tó ń gún un mọ́ mílíìkì fún un láràárọ̀ àti lálẹ́. Ohun tí Soazig bá jẹ lòun náà ń jẹ. Ó ní ìkà ni kí òun máa dín ẹran nínú ilé tí aláìsàn á máa gbọ́ òórùn rẹ̀ tí kò ní lè jẹ ẹ́.

"Ọdún mẹ́fà?" ni Huguette wí.

"Ọdún mẹ́fà."

Huguette gé búrẹ́dì rẹ̀ sí méjì, ó gbé ìdajì síwájú rẹ̀.

Ọjọ́ márùn-ún ni ìyanṣẹ́lódì náà gbà. Huguette gbàyè níbi iṣẹ́, ó ń mú un kiri ìlú. Mo máa ń rí wọn láàárọ̀ tí wọ́n bá ń bọ̀ láti ọjà ojú pópó, Armel á gbé agbọ̀n, Huguette á máa bá ẹni tó ń ta wàràkàṣì jà pé èyí tó gé fún àwọn kò pọ́n tó. Wọ́n á dúró síbi káńtà mu ife wáìnì kékeré kan ní agogo mọ́kànlá òwúrọ̀, bí gbogbo àwa ará ibẹ̀ ti ń ṣe. Wọ́n á sọ̀ kalẹ̀ lọ sétí odò Saône, wọ́n á jókòó sórí òkúta, wọ́n á jẹ sọ́séèjì gbígbẹ pẹ̀lú búrẹ́dì. Nǹkan tí kò jọ wá lójú ni inú Armel máa ń dùn sí jù. Ó fẹ́ràn kó tò sórí ìlà níwájú ilé oníbúrẹ́dì kó máa gbọ́ ìjà àwọn ìyá àgbà. Ó fẹ́ràn ìwé ìròyìn tí ẹlòmíràn ti kà tó gbàgbé sórí tábìlì. Ó ní ó dà bíi pé èèyàn ń gbé nínú ilé ńlá kan tí ẹbí pọ̀ sí.

Nígbà tí ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, ó lọ. N kò rò pé a máa tún rí i. Ṣùgbọ́n nígbà tí oṣù kẹwàá ọdún kejì dé, ó ṣílẹ̀kùn wọlé, ó gbé kéèkì bọ́tà tí wọ́n ń ṣe nílùú wọn lọ́wọ́, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Màdáámù, ṣé ọ̀dùnkún wà?" Huguette rẹ́rìn-ín títí ó fi gbá orí mọ́ fèrèsé. Àbúrò ìyàwó rẹ̀ tó ń gbé lábúlé kejì ló máa ń dúró ti Soazig fọ́jọ́ márùn-ún yẹn.

Ọdún mẹ́rìnlá ló fi wá bẹ́ẹ̀. Òtẹ́ẹ̀lì kékeré kan ní ìsàlẹ̀ òkè ló máa ń sùn sí, Huguette á sì sùn nílé rẹ̀. Ẹni tó bá sọ pé nǹkan ṣẹlẹ̀ láàárín wọn, irọ́ ló pa, mo lè fọwọ́ sọ̀yà. Wọn kì í kọ̀wé síra wọn. Títí di ọdún kẹrìnlá, "ẹ" ni wọ́n ń pe ara wọn. Ọ̀gbẹ́ni Armel, Omidan Huguette. Àwọn oníbàárà wa á máa fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́: "Ẹ̀yin méjèèjì, ṣé ẹ ti ń mọra yín díẹ̀díẹ̀?" Armel á ní, "Ọbẹ̀ àkọ́jẹ la ṣì ń lá, a ò tíì dé ibi ẹran."

Lọ́dún kan, akọ̀wé àgbẹjọ́rò kan tí ìyàwó rẹ̀ ti kú fẹ́ fẹ́ Huguette. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, ó ní ilé. Huguette kọ̀. Inú bí mi.

"Huguette, ọkọ ọlọ́kọ lò ń dúró dè."

"Ta ló sọ fún ẹ pé mò ń dúró? Mò ń jẹun ni."

"Ọjọ́ márùn-ún nínú odindi ọdún?"

"Àwọn tó ń jẹ ẹ́ lójoojúmọ́ ńkọ́, ṣé ó ń dùn lẹ́nu wọn?" Ó wo èmi àti Fernand lójú, ó rẹ́rìn-ín.

Ní oṣù karùn-ún ọdún 1993, Huguette bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ oúnjẹ tì. Ó ní inú ló ń run òun. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹfà, awọ ara rẹ̀ ti pupa rúsúrúsú, ó gbẹ bí igi. Àwọn dókítà là á, wọ́n wo inú, wọ́n ní kò sí ohun tí àwọn lè ṣe mọ́, wọ́n sì rán an lọ sílé. Mo lọ kí i. Ó fún mi ní bébà tó máa ń ya bátànì aṣọ sí, àdírẹ́sì Armel wà lẹ́yìn rẹ̀.

"Kọ̀wé sí i fún mi, Marcelline. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n."

"Kí n ní kó wá?"

"Má sọ pé kó wá. Ṣé kó fi obìnrin aláìsàn sílẹ̀ wá bá obìnrin aláìsàn? Sọ fún un pé mi ò ní sí níbẹ̀ lóṣù kẹwàá, kó má lọ jókòó sídìí fèrèsé máa wọ̀nà."

Mo gba bébà náà. Mo jókòó láti kọ ọ́ lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Mo kọ orúkọ rẹ̀, n kò lè kọjá ibẹ̀. Ohun tó ń wá sí mi lọ́kàn ni ilé kékeré ẹ̀gbẹ́ ojú irin yẹn, pẹ̀lú obìnrin tó sùn síbẹ̀ láti ogún ọdún, tí lẹ́tà obìnrin mìíràn á wá wọlé bá a. Bí ó bá jẹ́ àbúrò rẹ̀ ló ṣí i ńkọ́? Bí wọ́n bá kà á sétí aláìsàn ńkọ́? Mo bi Fernand. Ó ní, "Má da ilé onílé rú o. Tó bá dé lóṣù kẹwàá, a ó sọ fún un." Mo fi bébà náà sínú àpótí ṣíbí.

Ní oṣù keje, wọ́n ti gbé Huguette lọ sí ọsibítù. Lọ́jọ́ kan ó di ọwọ́ mi mú.

"Ṣé o ti kọ ọ́?"

Mo ní, "Mo ti kọ ọ́."

Ọ̀rọ̀ náà jáde lẹ́nu mi báyìí ni. Mo fẹ́ kí ọkàn rẹ̀ balẹ̀ ni. Ó rẹ́rìn-ín, ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀ díẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo padà lọ lọ́sẹ̀ kejì, ohun tó kọ́kọ́ bi mí ni pé:

"Kí ló wí?"

"Kò... kò tíì fèsì, Huguette. Ilé ìfìwéránṣẹ́, o mọ̀ wọ́n."

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó tún bi mí. Mo tún pa irọ́ kan náà. Ìgbà kẹta, kò bi mí mọ́. Ó kọjú sí ògiri, ó ní, "Kò lè wá. Mo mọ̀. Soazig ló ni ín." Lẹ́yìn náà ló ní, "Ìlà méjì péré ì bá tó."

Mo lè sọ òtítọ́ fún un nígbà náà. Mo lè sáré délé kí n kọ lẹ́tà náà, ọjọ́ mẹ́ta ni ì bá gbà. N kò ṣe é. Ìtìjú irọ́ àkọ́kọ́ ló dè mí lẹ́nu. Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹjọ ni Huguette kú. Èèyàn méjìlá la sin ín.

Oṣù kẹwàá dé. Ní ọjọ́ Ajé, bíi ti tẹ́lẹ̀, ilẹ̀kùn ṣí. Armel ló wọlé, ṣùgbọ́n ó kù díẹ̀ kí n má dá a mọ̀. Ó wọ kóòtù tuntun. Ó gẹ irun. Kéèkì bọ́tà wà lábíyá rẹ̀, òdòdó wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì gbé òdòdó wá rí.

"Màdáámù Marcelline, ẹ ò ní bi mí bóyá ọ̀dùnkún ni mo fẹ́?"

Ó wo tábìlì ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Ẹlòmíràn ló jókòó síbẹ̀.

"Ó pẹ́ lónìí o. Kó tó dé, ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín." Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Soazig ti lọ. Oṣù kẹta ló kú, lójú oorun, mi ò tilẹ̀ gbọ́. Mo ṣọ̀fọ̀ rẹ̀ bó ṣe yẹ kí n ṣọ̀fọ̀ rẹ̀. Mi ò kọ̀wé sí Omidan Huguette, torí mi ò fẹ́ kó kà á nínú ìwé. Mo fẹ́ jókòó síwájú rẹ̀ kí n tó sọ ọ́. Mo sì fẹ́ bi í ní nǹkan kan."

Mo ní, "Ẹ jókòó, Ọ̀gbẹ́ni Armel."

Ó wò mí. Ó ti ń mọ̀. Kò jókòó.

"Ìgbà wo?"

"Oṣù kẹjọ."

"Ó ṣàìsàn ni?"

"Láti oṣù karùn-ún."

"Oṣù karùn-ún." Ó ń wo òdòdó ọwọ́ rẹ̀. "Mo wà nílé nínú oṣù karùn-ún. Mò ń kun fèrèsé ni. Mi ò ṣe nǹkan kan. Fèrèsé ni mò ń kùn."

Fernand jáde láti ìdí ààrò, ó di í lápá mú, ó mú un jókòó. Mo gbé kẹnẹ́lì síwájú rẹ̀, torí kò sí ohun mìíràn tí mo mọ̀ ọ́n ṣe fún èèyàn. Ó gbé ọwọ́ kúrò lórí tábìlì, ó wò ó, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, Màdáámù." Ó jẹ ṣíbí méjì. Ó ní kí n má bínú, ó sì ti àwo náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Lọ́jọ́ kẹta, mo mú un lọ sí itẹ́ òkú. Ó ti ra òdòdó mìíràn. Ó tò ó sórí sàréè, kò sunkún. Ó wá rọra sọ pé, "Kí ló dé tí kò ránṣẹ́ sí mi? Ó ní àdírẹ́sì mi."

Bí mo bá dákẹ́, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ láéláé. Armel ì bá sì gbé e lọ́kàn títí láé pé Huguette kò ka òun sí. N kò lè fi ìyẹn kún èyí tí mo ti ṣe. Mo sọ gbogbo rẹ̀, bébà, àpótí ṣíbí, irọ́ ẹ̀ẹ̀kínní àti irọ́ ẹ̀ẹ̀kejì.

Ó gbọ́ ọ tán. Ó ní, "Ṣé ó rò pé mo ti gba lẹ́tà náà?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Títí tó fi kú?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ọ̀gbẹ́ni Armel."

Ká ní ó bú mi ni, ká ní ó gbá mi létí, ì bá sàn. Ó kàn de bọ́tìnnì kóòtù rẹ̀ dé ọrùn, ó ní, "Ẹ máa lọ sílé, Màdáámù. Òjò ń bọ̀." Mo lọ. Nígbà tí mo bojú wẹ̀yìn láti ẹnu géètì, ó ti kúnlẹ̀, ó ń sọ̀rọ̀ sílẹ̀, ó ń mi orí bí ẹni tó ń bẹ ẹnì kan pé kó gba òun gbọ́. Ní ọjọ́ kejì, nígbà tí mo débi òtẹ́ẹ̀lì rẹ̀, wọ́n ní ó ti wọ ọkọ̀ àárọ̀.

Mo kọ lẹ́tà sí i nígbà yẹn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló gbà mí. Oṣù kìíní ló fèsì, ìwé rẹ̀ kò gùn: "Màdáámù Marcelline, mo ti ka ìwé yín. Mo mọ̀ pé ìyàwó mi lẹ rò tí ẹ kò fi kọ ọ́. Ẹ ṣeun fún un, torí àwọn tó ń rò ó kò pọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ̀wé sí mi mọ́." N kò kọ̀wé sí i mọ́. Kò sì wá mọ́.

Ọdún mẹ́sàn-án kọjá. Fernand ti kú. Lọ́jọ́ kan nígbà ìrúwé, obìnrin arúgbó kan wọlé lẹ́yìn tí àwọn ajẹun ọ̀sán ti lọ tán, ó bi mí bóyá èmi ni Marcelline. Ó ní Nolwenn lorúkọ òun, àbúrò Soazig. Ó ń lọ kí ọmọ rẹ̀ ní gúúsù, ó ní òun kò lè gba ìlú yìí kọjá láìyà. Armel ti kú nínú oṣù kejì, nílé àwọn arúgbó.

"Ó ń sọ nǹkan kan fún àwọn nọ́ọ̀sì tí kò yé wọn," ó ní. "Ó ní ìyàwó méjì ló kú mọ́ òun lọ́wọ́. Èmi nìkan ni mo mọ ẹni tó ń wí."

"Ẹ mọ̀ ọ́n?"

"Huguette? Ta ni kò mọ Huguette nílé yẹn? Tó bá ti dé láti ibí, etí ibùsùn Soazig ló máa ń jókòó sí. Á máa ro gbogbo ohun tó jẹ fún un, àwo kan lẹ́yìn òmíràn, àti ohun tí Huguette sọ, àti bí Huguette ṣe bá oníwàràkàṣì jà. Ẹ̀gbẹ́ ẹnu kan ni Soazig fi ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó máa ń rẹ́rìn-ín débi pé a ó máa nu omi lójú rẹ̀. Òun ló máa ń rán mi létí. Tí oṣù kẹsàn-án bá ti ń parí lọ, á ní, 'Nolwenn, máa bọ̀, kí ọkùnrin yìí lè lọ jẹun.'"

Mo bi í ní ohun tí kò yẹ kí n bi í. "Ká ní lẹ́tà kan wá láti ọ̀dọ̀ mi lọ́dún tí Huguette ń ṣàìsàn ńkọ́?"

Ó wò mí bí ẹni pé ìbéèrè náà kò lórí kò nídìí.

"À bá fún Armel ni. Kí la ì bá tún fi ṣe?"

Mo ṣe kọfí fún un, ó mu ún. Aago mẹ́rin ni ọkọ̀ rẹ̀ máa lọ. Mo ti ilẹ̀kùn, mo gba àpò rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, mo sìn ín sọ̀ kalẹ̀ dé ibùdókọ̀. Ẹsẹ̀ ń dùn ún, a rọra ń rìn títí a fi débẹ̀.